Ìlà Mẹ́ta tí Màtírọ́nù Lè Kà

Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni Fẹ̀yìntọlá Akínsànyà fi ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé bá lò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ bá kọ ọ́ nínú àròkọ rẹ̀ pé ìyá mi dé, bàbá mi dé, ẹ̀gbọ́n mi dé, báírò pupa ti balẹ̀ nìyẹn. "Ṣé 'dé' nìkan lọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ Yorùbá ni?" ni yóò bi í. Ìyá lè dé, bàbá lè wọlé, ẹ̀gbọ́n lè yọjú. Àwọn ọmọ Ìta-Ògbólú tó kọ́ ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n káàkiri, kò sì sí èyí tó lè kọ lẹ́tà lónìí tí kò ní kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá tíṣà ń bọ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ báírò pupa yìí sọ́kàn o. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé obìnrin náà kúrò níbi iṣẹ́ nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Iléèwé aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́ ló kógbá sílé lójijì. Fẹ̀yìntọlá kó ṣọ́ọ̀kì tó kù sínú páálí, ó padà sí Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ìjókòó náà tó. Ó fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ iṣẹ́ tẹ́sítà lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan kan tí àwọn ìbejì rẹ̀ ti fọ́ létí. Tẹ́sítà lẹni tó ń yẹ áàpù wò kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó, tó ń wá ibi tí yóò ti dójú ti olówó rẹ̀. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Kí ni olùkọ́ tún ń wá láyé ju kó máa rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n sì máa sanwó oṣù fún un?

Nígbà tó lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Ìta-Ògbólú, ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Uṣẹ́ rè é? Kí èèyàn máa wo uṣẹ́ ẹlòmíràn, kó máa ní kò dáa? Ìyá ọkọ mi ṣe é fún ogún ọdún, ẹnì kan ò san kọ́bọ̀ fún un."

Ilé iṣẹ́ tó gbà á wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ náà. Ayọ̀kúnlé Oríọlá ló ni ín, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ọmọlúàbí tí wàhálà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ti mú kí irun iwájú orí rẹ̀ máa tètè dágbére. Ó ń pe Fẹ̀yìntọlá ní "mà", Fẹ̀yìntọlá ń pè é ní "ọ̀gá", àwọn méjèèjì sì máa ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí ẹnì kejì láàárọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin kan wà ní ilé iṣẹ́ náà: ẹni tó bá jẹ́ tuntun, oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi wò ó, láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, orúkọ rẹ̀ kò ní hàn lórí iṣẹ́ kankan. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ síwájú ìwé.

"Ẹ má bínú sí i, mà," ni Ayọ̀kúnlé sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ẹni tó bá pé oṣù mẹ́fà tí a sì ní kó dúró, orúkọ rẹ̀ á wà lórí ohun tó bá ṣe."

Ó ní òun ò bínú. Irọ́ ni. Ó dun ẹni tó ti kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì ìdánwò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ pé kó wá máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí oṣù mẹ́fà náà pé, iṣẹ́ Oǹdó kàn án. Ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ kan ní Odòjọmu fẹ́ áàpù tí yóò máa tọ́jú ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tí yóò sì máa ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá wọn. Ẹni tó wà nídìí ilé ìwòsàn náà ni Màtírọ́nù Májẹ́kódùnmí, agbẹ̀bí tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti ra ẹ̀rọ burúkú kan rí. Ó ti búra pé ohun tí òun ò bá lè kà, òun ò ní fọwọ́ sí i. Tẹ́sítà kejì, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú Fẹ̀yìntọlá, ti kọ ogójì ojú ìwé ránṣẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ kìkì pé tẹ bọ́tìnì búlúù tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí o dúró díẹ̀, kí o tún tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀. Màtírọ́nù dá a padà. Ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: "Agbẹ̀bí ni mí. Èmi kì í ṣe atẹ-bọ́tìnì."

Ayọ̀kúnlé gbé ìwé náà síwájú Fẹ̀yìntọlá. Kò lè wojú rẹ̀ dáadáa.

"Mà, n ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Tí Màtírọ́nù bá fọwọ́ sí i, ẹ dúró síṣẹ́ nìyẹn. Tí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ Oǹdó ti lọ, n ò sì ní agbára tẹ́sítà méjì mọ́."

Kìtán ni wọ́n ní kó bá a ṣe é. Ọmọbìnrin Oǹdó ni Kìtán, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òun ló ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí áàpù náà ń tẹ̀lé. Ó fi ọ̀nà kan han Fẹ̀yìntọlá tí wọ́n fi ń kọ àyẹ̀wò ní ìtàn kéékèèké, ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Ìlà kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ká ní", ìyẹn bí nǹkan ṣe wà nílẹ̀. Èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Nígbà tí", ìyẹn ohun tí ẹnì kan ṣe. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ó yẹ kí", ìyẹn ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kìtán yóò wá so kóòdù mọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa ka ìtàn náà, yóò máa ṣe é. Bó bá rí bí ìtàn ṣe wí, ìlà náà á yọ àwọ̀ ewé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á pọ́n.

"Ìtàn kẹ̀?" ni Fẹ̀yìntọlá wí, inú rẹ̀ dùn. "Ìtàn lo ní kí n kọ?"

Ó lọ sílé, ó kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bùn. Gbólóhùn méjìlélọ́gọ́ta, kò sí ìkan tó jọ ìkejì. Lọ́jọ́ kejì, Kìtán kà á tán, ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Anti, ẹ dákun, ẹ wò ó. Níbí ẹ kọ 'abiyamọ dé'. Níbí ẹ kọ 'ìyá ọmọ wọlé'. Níbí, 'obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n yọjú sí gbọ̀ngàn'. Ṣé èèyàn mẹ́ta ni?"

"Ẹnì kan náà ni."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ojú ẹni mẹ́ta ló fi ń wò ó. Kóòdù mẹ́ta ni mo máa kọ fún obìnrin kan. Tí nǹkan bá sì yí padà lọ́la, ibi mẹ́ta ni mo máa tún ṣe, màá sì gbàgbé ìkan."

"Mo fẹ́ kó dùn ún kà ni."

"Ó dùn, Anti. Ó dùn gan-an. N ò kàn lè lò ó ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fẹ̀yìntọlá lára. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé láìbá ọlọ́kadà dúnàádúrà, èyí tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti dé Àkúrẹ́. Bó ṣe ń wọ àgbàlá, aládùúgbò rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kí i pé, "Ẹ káàbọ̀ o." Òun náà ní, "Ẹ kúulé o." Ó rìn dé ìdí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kó tó dúró. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yẹn ti ń kí i ní "ẹ káàbọ̀". Kò fi ọjọ́ kan wá ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì sí ẹni tó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Torí pé bákan náà ni lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí ó yé gbogbo ayé. Bí aládùúgbò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìkíni tuntun sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, Fẹ̀yìntọlá á bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Ó jókòó, ó mú báírò pupa, ó dojú rẹ̀ kọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó sọ lọ́nà méjì ló ń fa ìlà sí. Àwọn ìbejì rẹ̀ yọjú wò ó, wọ́n rí i tí ìyá wọn ń fi báírò pupa ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, wọ́n rọra padà sẹ́yìn. Nígbà tó parí, gbólóhùn méjìlélọ́gọ́ta ti di mọ́kàndínlógún, wọ́n sì tó fún gbogbo ìtàn. Gbólóhùn kan á ṣiṣẹ́ níbí, á dìde, á lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Ó tún yọ gbogbo bọ́tìnì kúrò níbẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Màtírọ́nù lọmọlúàbí, ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kọ ọmọ sílẹ̀ sínú ìwé, ó ti yé e. Kọ̀ǹpútà ni kì í ṣe ọmọlúàbí, odindi ni tiẹ̀, Kìtán sì lè lọ fún un ní odindi nísàlẹ̀ níbi tí ojú Màtírọ́nù ò dé. Bí bọ́tìnì búlúù bá di aláwọ̀ ọsàn lọ́la, Kìtán ni yóò mọ̀, ìtàn ò ní yẹ̀.

Ó wá ku àpẹẹrẹ ọmọ tí wọn yóò máa fi dán ìtàn náà wò. Fẹ̀yìntọlá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbejì ló lò. Ó ṣáà mọ̀ pé ibi tó le jù ni tẹ́sítà ń yẹ̀ wò: bí áàpù bá gba ọmọ méjì lọ́wọ́ ìyá kan láìda ọjọ́ wọn pọ̀, ta ni yóò tún máa ṣàníyàn nípa ọmọ kan? Ó kọ ọ́ báyìí:

Ká ní abiyamọ kan ti bí Táyélolú àti Kẹ́hìndé
Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọ wọ́n sílẹ̀
Ó yẹ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn dé orí fóònù ìyá wọn

Kìtán tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ro díẹ̀, gbogbo rẹ̀ yọ àwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ayọ̀kúnlé pàápàá wá dúró lẹ́yìn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù mẹ́fà pé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Ayọ̀kúnlé fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí Oǹdó. Fẹ̀yìntọlá gbé ìwé náà lé itan bí ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀, kò gbé e sílẹ̀ títí wọ́n fi kọjá Ọ̀wẹ̀nà tí wọ́n sì wọ ìlú.

Màtírọ́nù Májẹ́kódùnmí kéré lára, ó sì tóbi lóhùn. Bó ṣe rí Kìtán, ó fi èdè Oǹdó pọ́nńbélé kí i, ó bèèrè ìyá rẹ̀, ó bèèrè àwọn ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá yíjú sí àwọn àlejò Àkúrẹ́.

"Èmi ni mo gbẹ̀bí eléyìí," ó ní. "Ẹsẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ yọ kí n tó yí i. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n ka ìwé yín."

Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè kí àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. Ó ka ìtàn kan, ó ní, "Èyí yé mi." Ó sàmì sí i. Ó ka òmíràn, ó ní, "Èyí náà yé mi. Bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn." Nígbà tó dé ìdajì, ó ti ń sọ ìlà kejì kó tó débẹ̀, nítorí ó ti bá a pàdé ṣáájú. Ayọ̀kúnlé na ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Inú Fẹ̀yìntọlá dùn débi pé ó ń fi ẹnu bá Màtírọ́nù kà á láìgbóhùn jáde.

Màtírọ́nù wá dé orí ìtàn àwọn ìbejì. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó ṣí i síwájú.

"Ìbejì lẹ fi ṣe gbogbo ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Fẹ̀yìntọlá dáhùn. "Ó le ju ọmọ kan lọ. Mo ní bó bá gba méjì, á gba ọ̀kan."

"Ìbejì gbé orúkọ tiwọn wá láti ọ̀run. Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀ yẹn, Monílọ́lá, ó bí obìnrin láàárọ̀ yìí, ní aago méje kọjá. A ti fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i."

Kìtán ṣí áàpù. Ó kọ orúkọ ìyá, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó dé ibi orúkọ ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó fò ó kọjá. Áàpù náà pọ́n, ó ní: "Kọ orúkọ ọmọ." Kò sì lọ síwájú mọ́.

Ọmọ Yorùbá mẹ́ta, tí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ ní ojúlówó ilé bàbá wọn, fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí áàpù ọmọ ìkókó, kò sì sí ẹni tó rántí pé ọmọ kì í ní orúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ara áàpù iléèwé kan tí wọ́n ti ṣe rí ni wọ́n ti ya ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, ọmọ iléèwé sì ti lórúkọ. Àyẹ̀wò ì bá mú un. Ìbejì tó ti lórúkọ ló jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Mà," ni Ayọ̀kúnlé bẹ̀rẹ̀, "wọ́n kàn lè kọ orúkọ kan ṣáá síbẹ̀ títí di ọjọ́ ìkómọ."

Màtírọ́nù wò ó bí agbẹ̀bí ṣe ń wo ọkọ tó já wọ yàrá ìrọbí.

"Ohun tí a fi ẹ̀rọ ọjọ́sí ṣe nìyẹn. 'Béèbì' ni àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ. Nínú oṣù kan ṣoṣo, Béèbì mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀rọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ìyá kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọmọ kan fi oṣù kan gbáko pẹ́ kó tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà ń sáré kiri àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì dárí ji ẹ̀rọ yẹn."

Ó dé ìdérí báírò rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Fẹ̀yìntọlá rí Alágbàká tó ń rìn jìnnà sí i, ó rí páálí ṣọ́ọ̀kì. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀gá lè sọ pé kóòdù ló kùnà, ẹ̀bi á pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ti oníkálukú á fúyẹ́.

"Màtírọ́nù, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni," ó ní. "Kì í ṣe ti ọ̀gá, kì í ṣe ti Kìtán. Èmi ni mo yan ìbejì. Àwọn nìkan ni mo bí láyé mi. Láti ìṣẹ́jú tí wọ́n ti dé ni mo ti ń pè wọ́n ní Táyélolú àti Kẹ́hìndé. N ò mọ bí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ò lórúkọ ṣe ń rí nínú ilé. Ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Màtírọ́nù dìde, ó fa ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti jẹ jáde láti inú àpótí, ó ń ṣí i, ó ń lá ìka, ó ń ṣí i, títí ó fi rí ojú ewé tó ń wá.

"Kìtán, wá ka èyí."

Kìtán tẹ̀ síwájú. "'Ọmọ Adéọlá,'" ó kà. "'Obìnrin.'" Ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ Adéọlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi yíǹkì tó yàtọ̀ kọ "Kìtán".

"Ọjọ́ méje lo fi jẹ́ Ọmọ Adéọlá," ni Màtírọ́nù wí. "Ara ìyá la ń so ọmọ mọ́, a ó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ. Bó bá dé, a ó kọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ ò fi àyè sílẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá ti mú ìwé. "Mà, ẹ bá mi pe ìlà kìn-ín-ní. Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tuntun."

Màtírọ́nù gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun mọ̀ ọ́n kọ. Ó ṣí báírò rẹ̀ padà:

Ká ní abiyamọ kan ti bí ọmọ tí kò tíì lórúkọ

Ó gbójú sókè. "Ìlà kejì ńkọ́?"

"Ó ti wà nílẹ̀, mà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọ ọmọ sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ti ń kà bọ̀ náà ni."

"Ẹ̀kẹta?"

"Òun náà ti wà nílẹ̀."

"Á jẹ́ pé mo ti kọ ìtàn tán," ni Màtírọ́nù wí, ẹnu sì yà á díẹ̀ sí ara rẹ̀. Ó tún kọ òmíràn láìjẹ́ kí wọ́n rán an létí: ká ní ọmọ kan wà tí kò tíì lórúkọ, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá mú orúkọ wá lọ́jọ́ kẹjọ, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ tó ti gbà máà sọnù.

Kìtán jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ ìtàn tuntun náà, ó pọ́n, Màtírọ́nù sì figbe ta. Fẹ̀yìntọlá ṣàlàyé fún un pé pípọ́n yẹn gan-an ló dára, pé ìtàn ti ń sọ òótọ́ kí áàpù tó gbọ́n. Kìtán ṣí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó tú u, ó tún un tò. Gbólóhùn díẹ̀ péré ló jẹ́ tuntun, ìyókù ti ní kóòdù tiwọn. Kí wọ́n tó jẹ iyán tí Màtírọ́nù ní kí wọ́n gbé wá tán, ìlà náà ti yọ àwọ̀ ewé, Ọmọ Monílọ́lá sì ti wà nínú ẹ̀rọ.

Ayọ̀kúnlé nu ọwọ́, ó sún ìwé síwájú Màtírọ́nù. Màtírọ́nù sún un padà.

"Ọjọ́ kẹjọ ni màá fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọmọ dé ná kí n rí i."

Oṣù mẹ́fà pé lọ́la. Màtírọ́nù ò mọ̀, ẹnì kankan ò sì sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Ayọ̀kúnlé dúró ní Ọ̀wẹ̀nà, ó ra bọ̀ọ̀lì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jẹ ti tiẹ̀ dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé gbogbo ẹ̀ ru ara yín? Mo ti fẹ́ sọ pé ètò ló dàrú."

"Tèmi ni, ọ̀gá. Ọmọ tí mo bá kọ́, tó bá ní 'ètò ló dàrú', màá fún un ní òdo."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ níbi iṣẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mọ ibi tọ́rọ̀ já sí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Lójoojúmọ́ ni àwọ̀ ewé ń yọ láàárọ̀, Fẹ̀yìntọlá kò sì gba àwọ̀ ewé gbọ́ mọ́, nítorí ewé kan náà ló rí lọ́jọ́ ìbejì. Kàkà kó máa wò ó, fóònù ló ń gbé. Lójoojúmọ́ ló ń ka ìtàn kan fún Màtírọ́nù, á sì fi ìbéèrè kan tì í lẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Bí ìyá bá pàdánù fóònù ńkọ́? Ìyá tó lóun ò ní fóònù rárá ńkọ́? Màtírọ́nù ní òun kò rí ẹni tó ń da òun láàmú tó báyìí láti ìgbà tí òun ti wà ní iléèwé nọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun ló ń pe Fẹ̀yìntọlá.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún wà nínú yàrá Màtírọ́nù láti aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́wàá kọjá. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù Màtírọ́nù dún. Monílọ́lá ni, ariwo àwọn tó wá síbi ìkómọ sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mà, Ìbídùnní ni o," ó ní. "Wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìbídùnní."

Nọ́ọ̀sì kan ṣí ojú ìwé Ọmọ Monílọ́lá nínú áàpù, ó kọ orúkọ náà sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ò lè wò ó, ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n gbọ́ tí fóònù Monílọ́lá ké kíún.

"Ó ti dé," ni Monílọ́lá wí, ó sì kà á fún wọn: Ìbídùnní ọmọ Monílọ́lá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, èyí tó kàn di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ọjọ́ náà gan-an. "Pásítọ̀ ò tíì jókòó, ẹ̀yin ti mọ orúkọ ọmọ mi."

Màtírọ́nù dágbére fún un, ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé dé ìparí, ó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i gbàgàdà, kò sì yọ̀ǹda ìlà kankan fún ẹlòmíràn. Ayọ̀kúnlé mí kanlẹ̀. Kìtán di ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá mú lábẹ́ tábìlì.

Ṣùgbọ́n Màtírọ́nù kò gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i wo ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá Oríọlá, ìwé yìí ò lórúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ìbéèrè bá dé lọ́la, ta ni kí n pè?"

Ayọ̀kúnlé wo ìwé náà, ó wo Fẹ̀yìntọlá. Ó na ọwọ́, ó gba báírò lọ́wọ́ Màtírọ́nù. Lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, ó rọra kọ ọ́ pé: Fẹ̀yìntọlá Akínsànyà ló kọ ọ́. Ó fẹ́ ẹ kí yíǹkì gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Fẹ̀yìntọlá kà á. Ojú rẹ̀ ti kún, nítorí náà ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ohun kankan níbẹ̀ tó fẹ́ fa ìlà pupa sí.